Ẹ Jẹ́ Kí Ìlù Parí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń ṣe múṣíìkì sábẹ́ fíìmù, inú yàrá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kò jìnnà sí Tákìé, ni mo sì ti ń ṣe é. Tí mo bá sọ pé iṣẹ́ mi nìyẹn, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé "orin wo lẹ kọ, ẹ kọ ọ́ ká gbọ́," màá sì ní láti ṣàlàyé pé kì í ṣe pé mò ń kọrin, ohun tó ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ nígbà tí ọkùnrin yẹn ń yọ́ wọlé lóru, tí àyà yín ń já tí ẹ ò sì mọ̀ pé nǹkan kan ń dún, òun ni mò ń ṣe. Ó pẹ́ kó tó yé ìyá mi pàápàá. Wọ́n á bi mí pé ṣé mo wà nínú fíìmù yẹn, màá ní mo wà ńbẹ̀ mà, wọ́n á jókòó wò ó dé ìparí, wọ́n á ní àwọn ò rí mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni mo ti kọ́ orin, bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa ṣe kọ́ ọ. Ṣẹ́ ẹ mọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan, àwọn míṣọ́nnárì ti débẹ̀ tipẹ́, láti 1898 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ti wà, wọ́n sì ń kọ́ èèyàn ní orin ìjọ níbẹ̀. Tí o bá dàgbà síbi tí mo dàgbà sí, kò sí bó o ṣe fẹ́ ṣe é tó ò ní mọ sol-fa. Ọ̀gá kọ́yà wa á kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó, a ó máa kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà tó ti ilé wá. Tó bá tún dọjọ́ Ajé, tíṣà Yorùbá á fi dò re mí yẹn kan náà kọ́ wa ní àmì ohùn: igba, re re, igbá, re mí, igbà, re dò, ìgbà, dò dò. Ọdún mélòó ni mo fi kọ́ méjèèjì, dò re mí ti ṣọ́ọ̀ṣì àti dò re mí ti tíṣà, tí mo tọ́jú wọn sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú orí mi. Mo ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé kí bàbá kan tó ṣílẹ̀kùn àárín wọn fún mi, ìyẹn gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ nǹkan yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí ká lè jọ mọ ibi tí mo ń lọ.

Wọ́n á fi fíìmù tí wọ́n ti gé tán ránṣẹ́. Tó bá wúwo jù, wọ́n á gbé dírẹ́ífù fún dírẹ́fà tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn torí dátà ò lè gbé e. Màá wò ó látòkèdélẹ̀ láìfọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀kejì ni èmi àti dírẹ́tọ̀ á jọ wò ó, a ó máa fàmì síbẹ̀ pé níbí kí orin wọlé, níbí kó jáde, níbí kó má sí nǹkan kan rárá. Ibẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ wà o. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí orin ò gbọ́dọ̀ sí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, ó sì pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣirò ló kù. Àwòrán 24 ló ń kọjá nínú fíìmù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti tẹlifíṣọ̀n tiwa jẹ́ 25. Tí mo bá ní kí orin máa lọ ní lílù 90 ní ìṣẹ́jú kan, àwòrán 16 ló máa wà láàárín lílù kan sí èkejì, torí náà tí idà bá balẹ̀ lórí àwòrán kan pàtó, màá ti ibẹ̀ ka ìṣirò padà sẹ́yìn kí ìró ńlá lè bọ́ sórí idà náà gẹ́lẹ́. Tó bá bọ́ sí i, ara èèyàn á yá gágá. Ìgbà tí mo bá parí ẹ̀ tán ni édítọ̀ á pè mí lágogo mọ́kànlá alẹ́ pé àwọn ti yọ ìṣẹ́jú-àáyá 2 kúrò níbi tí ọmọkùnrin yẹn ti ń rìn bọ̀, pé kékeré báyìí ni. Ìṣẹ́jú-àáyá 2 nínú orin 90 jẹ́ lílù 3 odindi! Idà á ti balẹ̀, wọ́n á ti máa gbé òkú lọ, kí ìró mi tó dé. Mo ti sunkún rí nítorí irú ẹ̀, mo sì ti jí lọ́jọ́ kejì tún un ṣe.

Ohun mìíràn tó máa ń dùn mí ni pé kí fíìmù tó dé ọwọ́ mi, wọ́n á ti kó orin ẹlòmíì sínú ẹ̀, orin fíìmù Amẹ́ríkà ńlá kan tí ọgọ́rùn-ún èèyàn fi fayolín ta, kí wọ́n lè máa rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Wọ́n á wò ó fún oṣù méjì pẹ̀lú orin yẹn, etí wọn á ti gbà á, wọ́n á wá sọ fún mi pé kí tèmi jọ ọ́ ṣùgbọ́n kó má jọ ọ́. Mi ò bínú sí wọn mọ́. Mo kàn máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní èyí tí kò lórin kankan nínú, kí n kọ́kọ́ gbọ́ bí àwọn èèyàn inú ẹ̀ ṣe ń mí.

Àwọn kan máa ń bú sandtíráàkì fíìmù Yorùbá, orin tó ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, pé ó ń ba eré jẹ́. Mi ò sí lára wọn. Ìyá bàbá mi kì í lè jókòó wo fíìmù tán lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á lọ ro ọkà, wọ́n á padà wá, orin yẹn ló máa ń sọ fún wọn ibi tí ọ̀rọ̀ dé, wọ́n á dáhùn látinú ilé ìdáná pé "hàà, ìyàwó yẹn ò gbọ́n!" Àwọn alárìnjó àti Ogunde náà kọ́kọ́ máa ń fi orin ṣílẹ̀kùn eré kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó torí ẹ̀ dìde lọ sílé. Onítàn ni orin nílẹ̀ wa, kì í ṣe aṣọ tí a fi bo ògiri.

Èmi tí mo mọ ìyẹn, èmi náà ni mo wá ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Wọ́n gbé fíìmù kan fún mi, fíìmù ìlú àtijọ́. Ìran kan wà nínú ẹ̀ tí ọba àti àwọn ìjòyè jókòó, wọ́n parọ́ mọ́ ọmọ kan, wọ́n fẹ́ lé e kúrò nílùú, gbogbo àgbà tó jókòó síbẹ̀ ló mọ̀ pé irọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó lanu. Ìṣẹ́jú 3 gbáko. Mo ní àpò ìró kan tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tó wà lára fáìlì náà ni talking drum, ohùn ẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo mú ègé kékeré kan níbẹ̀, mo ní kí kọ̀ǹpútà máa yí i lọ yí i bọ̀, mo tẹ́ fayolín sábẹ́ ẹ̀, mo jẹ́ kó dún bíi pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá ló ti ń bọ̀. Dírẹ́tọ̀ gbọ́ ọ, ó ní ara òun bù máṣọ. Ara tèmi náà bù máṣọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ sí Ọ̀yọ́, nítorí bàtá. Ìran Ṣàngó kan wà nínú fíìmù kan náà, mi ò sì rí bàtá tó dáa rà níbì kankan, ni mo bá wọ mọ́tò, ọ̀nà wa yìí tí gbogbo yín mọ bó ṣe rí, mo dé agboolé àwọn onílù kan lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán. Bàbá tí wọ́n mú mi lọ bá ti dàgbà, Àyàn ni wọ́n, bàbá wọn onílù, bàbá bàbá wọn onílù. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn rí ohun tí mo fẹ́ fi bàtá náà ṣe kí àwọn tó dáhùn. Mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí pèpéle. Kí n tó dé ibi Ṣàngó, ìran ọba yẹn kọ́kọ́ kọjá.

Bàbá gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n ní kí n dá a dúró.

"Ta ló lu èyí?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, bàbá. Mo rà á ni, sà."

"Kí ló ń wí?"

Mo ní kò wí nǹkan kan, ìlù lásán ni. Wọ́n wò mí. Wọ́n pe ọmọ wọn kan tó ń fa ọ̀ṣán ìlù lábẹ́ igi, wọ́n ní kó wá gbọ́, èyí tó sọ̀rọ̀ nínú wọn ò sí, wọ́n kàn jọ tẹ́tí. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ fi ẹnu gbé e: dò dò dò mí dò mí dò. Dò dò dò mí dò mí dò.

"Àgbà kì í wà lọ́jà," ni bàbá wí. "Àgbà kì í wà lọ́jà. Àgbà kì í wà lọ́jà. Ọmọ mi, kí kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ìlù parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ó ti yé yín. Onílù gidi kan ti dúró síwájú máìkì níbì kan, ó ti sọ òwe náà pé: àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó ń gé ìró sínú àpò ò gbọ́ èdè, ó gé e síbi tó bá ìṣirò kọ̀ǹpútà mu. Ìdajì tó wá ṣẹ́kù fún mi ni pé kò sí àgbà lọ́jà. Ọba jókòó pẹ̀lú adé lórí, àwọn ìjòyè yí i ká, èmi sì fi ìlù sọ fún un fún ìṣẹ́jú 3, láìdákẹ́, pé kò sí àgbà níbí. Bàbá ní onílù tó bá sọ irú ẹ̀ níwájú ọba láyé bàbá àwọn, kò ní jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Mo jókòó sórí pèpéle yẹn, ojú ń tì mí. Dò dò dò mí dò mí dò. Mo ti lè ka nǹkan yìí látọmọ ọdún méje! Tí ọ̀gá kọ́yà bá kọ ọ́ sára pátákó màá kọ ọ́ lórin, tí tíṣà Yorùbá bá kọ ọ́ màá wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu, ṣùgbọ́n nígbà tí ìlù fúnra ẹ̀ sọ ọ́ fún mi nínú yàrá mi, mi ò gbọ́.

Àwọn àgbà yín náà lè ti sọ ti ìlù rédíò NBC, Nigerian Broadcasting Corporation, láyé àtijọ́ fún yín. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì ni ìlù yẹn fẹ́ pè, àwọn èèyàn gbọ́ ọ, wọ́n ní rárá o, ohun tó ń wí ni pé "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Etí Yorùbá ò lè gbọ́ ìyáàlù kó má wá ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ gbé ìlù tí kò wí nǹkan kan fún un, òun fúnra ẹ̀ á fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ẹ ò sì mọ ọ̀rọ̀ tó máa fi sí i.

Ohun tó tún dùn mí ni pé ọmọ Sweden kan tó ń ṣe orin fíìmù bíi tèmi, Ludwig Göransson, nígbà tí wọ́n gbé fíìmù Black Panther fún un, ó wọ bàálù lọ sí Senegal, ó tẹ̀ lé Baaba Maal, olórin ibẹ̀, kiri, ó wá gba onílù tama kan tó ń jẹ́ Massamba Diop. Tama yẹn, ìbátan gángan wa ni, abẹ́ apá ni wọ́n ń fi sí. Ó ní kí wọ́n fi ìlù pe orúkọ ọba inú fíìmù náà, T'Challa, ìpè yẹn ló sì ń bá ọba náà rìn kiri nínú fíìmù. Wọ́n fún un ní Oscar ní 2019. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá béèrè ohun tí ìlù ń wí. Èmi, bíi kìlómítà 50 ló wà láàárín ilé mi àti Ọ̀yọ́.

Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n bá mi lu ìran náà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo padà lọ, mo gbé máìkì méjì dání, ọ̀kan fún ojú ìlù, ọ̀kan fún ṣaworo etí ẹ̀ torí ṣaworo lè bo ohùn mọ́lẹ̀ tí o ò bá ṣọ́ ọ. Òjò ti rọ̀ lóru, awọ ti dẹ̀, a ní láti dúró kí oòrùn mú un díẹ̀. Bàbá wá gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n ní "Ta ni ọba yìí?"

Mo ní ọba inú fíìmù ni.

"Mo mọ̀. Ọmọ ta ni? Kí loríkì rẹ̀?"

Kò ní oríkì. Ẹni tó kọ fíìmù náà ò fún un ní oríkì, kò sẹ́ni tó rò ó. Bàbá ní àwọn ò lè máa lùlù fún ẹni tí àwọn ò mọ̀ ọ́n kí. Èmi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lágogo mẹ́wàá, agogo méjì ọ̀sán la ṣì wà lórí fóònù pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́, mo gbé e sí lóńdísípíkà, bàbá ń bi í léèrè: ìlú wo ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ kí ni ìdílé wọn, ta ló bí ìyá ọba. Ìrọ̀lẹ́ ni ọba náà tó ní oríkì. Kí n má parọ́, ọjọ́ yẹn ni mo tó gbà pé èèyàn ni ọba yẹn.

A wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá ò bèèrè lílù 90, wọn ò gba kíláìkì, ìró tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lílù, sétí, ẹsẹ̀ àti èjìká ẹni tó ń ṣe ọba ni wọ́n ń wò. Ó gbé ẹsẹ̀, ìlù gbé e. Ó jókòó, ìlù bá a jókòó. Onílù tó ti ń wo ẹsẹ̀ oníjó láti kékeré, kí ni ẹ fẹ́ kọ́ ọ nípa bí a ṣe ń mú orin bá àwòrán mu? Bó ṣe di ibi tí ọba lanu láti sọ̀rọ̀, bàbá gbé kọ̀ǹgọ́ kúrò lójú ìlù. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n máa lù ú lọ sà, mo máa dín ohùn ẹ̀ kù lẹ́yìn.

Wọ́n ní, "Ọba ń sọ̀rọ̀."

Mo ti ń fi orin sábẹ́ ọ̀rọ̀ látọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn, o máa ń fa ohùn orin wálẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè jáde. Fayolín gbà bẹ́ẹ̀ torí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ìyáàlù ò gbà. Tó o bá fà á wálẹ̀, ṣe ló máa dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn èèyàn, etí á túbọ̀ máa nà sí i, ohun tí ọba ń sọ á sì kọjá lọ. Ẹnu méjì ò lè sọ̀rọ̀ pọ̀ ká gbọ́ méjèèjì. Látọjọ́ yẹn, tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù mi, gúdúgúdú lè wà níbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè wà níbẹ̀, fayolín lè wà níbẹ̀, àmọ́ ìyáàlù ní àyè tiẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́.

Kì í ṣe ohun tuntun náà, mo wá ń rí i báyìí. Nígbà tí Duro Ladipo gbé Ọba Kò So jáde ní 1963, ìtàn Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́ yìí kan náà, onílù ò dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣeré tán kó tó wá fi ìlù sí i. Ojú kan náà ni onílù àti òṣèré wà. Ohun tí Ennio Morricone, ará Ítálì yẹn, ṣe fún dírẹ́tọ̀ Sergio Leone náà nìyẹn nínú fíìmù kan tó jáde ní 1968, ó kọ orin náà sílẹ̀ kí wọ́n tó ya fíìmù, wọ́n wá ń gbé e sí i níbi tí wọ́n ti ń yà á kí àwọn òṣèré lè máa rìn sí i. Mo ti sọ èyí fún dírẹ́tọ̀ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ báyìí, ó gbà, bàbá ló máa kọ́kọ́ lùlù kí kámẹ́rà tó yí.

Àwọn Yorùbá tiẹ̀ ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí bàbá mi. Fela Sowande, nígbà ogun Hitler, òun ni wọ́n fi ṣe agbaninímọ̀ràn lórí orin ní ẹ̀ka tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe fíìmù fún àwọn ará Áfíríkà, Colonial Film Unit. Ọmọ Yorùbá ló jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ronú irú orin tó yẹ kó wà lábẹ́ àwòrán tí àwọn èèyàn wa máa wò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ fún mi rí nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kí wọ́n ti dárúkọ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa ń gbà, ọwọ́ lọ ọwọ́ bọ̀, fíìmù á wá máa lọ káàkiri tẹlifíṣọ̀n fún ọdún mẹ́wàá, kọ́bọ̀ ò ní padà wá. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright) tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023 fún wa lẹ́nu díẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò bá kọ orúkọ sílẹ̀, òfin ò lè wá a délé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìwé kó tó di pé ẹ fi fáìlì ránṣẹ́, kí ẹ kọ gbogbo orin tó wà nínú fíìmù náà sílẹ̀, bó ṣe gùn tó àti ẹni tó ṣe é. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ti ìran ọba yẹn, mo kọ orúkọ bàbá síwájú tèmi. Pùrodúsà bi mí pé kí ló dé, ṣebí ìlù nìkan ni wọ́n lù. Mo ní ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ, èmi kàn wà níbẹ̀ ni.

Ẹ̀ẹ́dógún oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn la wò ó nílé wa, gbogbo ẹbí pé sí pálọ̀, àwọn kan wà lójú fèrèsé. Ó kan ìran náà. Bàbá ò ju òwe yẹn nù, ṣe ni wọ́n mú un tọ̀ ọ́, wọ́n lu oríkì ọba tán, ìjòyè kankan ò lanu, ọmọ tí wọ́n fẹ́ lé wà lórí ìkúnlẹ̀, ìlù wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: àgbà kì í wà lọ́jà. Ọba gbórí sókè. Ibẹ̀ ni bàbá dáwọ́ dúró sí, torí ọba ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá bàbá mi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ń bó ẹ̀pà, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè wo tẹlifíṣọ̀n.

"Kórí ọmọ tuntun wọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń bó ẹ̀pà wọn lọ.